Píìnì Kan Nínú Aṣọ Túnmiṣe

"Ẹ lanu dáadáa, Mr. Otis. Oúnjẹ yìí ti ń tutù."

"Mo ń bọ̀, Nurse. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán ná."

Ṣìkẹ́mi Adégbóyèga rẹ́rìn-ín, ó dá ṣíbí padà sínú abọ́. Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Conyers, lẹ́bàá Atlanta, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé bí Mr. Otis bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, oúnjẹ ló máa dúró dè é. Nígbà tí agbára ṣì wà, bàbá náà ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi kan, irú èyí tó tóbi bí àdúgbò, tó ń gbé bàálù kiri lórí òkun. Òun ló ń bu epo sí bàálù. Láti ọjọ́ tí Ṣìkẹ́mi ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ òun obìnrin, Túnmiṣe, ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bàálù balẹ̀ sórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá ti sọ ara rẹ̀ di mọ̀lẹ́bí. Kì í sọ pé "ọmọ rẹ" mọ́. "Ọmọ wa" ló ń sọ.

"Ó dáa, ẹ̀ ń sọ nípa ìrìn àárọ̀ yẹn," ni Ṣìkẹ́mi wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Láràárọ̀, kí bàálù kankan tó gbéra, gbogbo wa la máa ń tò sórí ọkọ̀ náà, láti etí kan dé èkejì, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. A ó tẹrí ba, a ó máa rìn díẹ̀díẹ̀, a ó máa ṣa ilẹ̀."

"Kí lẹ̀ ń ṣà? Ṣé góòlù jábọ́ ni?"

"Òkúta wẹ́wẹ́. Àfọ́kù ike. Nọ́ọ̀tì irin. Bí ẹ́ńjìnnì bàálù ṣe ń fa afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ń fa ohun tó bá wà nílẹ̀. Mo rí bọ́tìnnì aṣọ kan ṣoṣo tó ba odidi ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ṣùgbọ́n ti ibi tí awakọ̀ ń jókòó ló burú jù. Bí nǹkan kékeré bá já bọ́ níbẹ̀, tí bàálù bá dojú dé lókè, nǹkan náà á máa fò kiri, ó sì lè lọ há sídìí ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ìdérí bírò lásán, Nurse! Nítorí ìdérí bírò, ọ̀rẹ́ mi kan kò padà wálé."

Ṣìkẹ́mi fẹ́ dá a lóhùn pé àwọn bàbá òun náà ti sọ ọ́, pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ó tilẹ̀ ti lanu. Àfi bí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ṣe gbé ọ̀rọ̀ píìnì wá sí i lọ́kàn. Abọ́ oúnjẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì Mr. Otis.

"Nurse? Kí ló dé?"

"Ẹ dákun, ẹ má bínú, mò ń bọ̀," ló wí, ó sì sáré jáde. Ẹni kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ló wá nu bàbá náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, Túnmiṣe wálé láti Mississippi, níbi tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ti ń kọ́ wọn ní bàálù wíwà. Ó kó aṣọ dání bí gbogbo ọmọ tó bá ń wálé. Kó tó lọ sùn, ó na ìka sí ìyá rẹ̀.

"Mummy, please. Ẹ má fi nǹkankan sínú pocket mi o. Last time, mo rí bitter kola nínú boot mi. Níwájú instructor!"

"Bitter kola ń lé oorun lójú ni."

"Mummy, I'm serious. Kò sí bitter kola, kò sí anointing oil, kò sí nǹkankan. Wọn kì í gbà á."

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

Ẹni tí ìyá Yorùbá bá tọ́ mọ̀ pé ẹni tó gbọ́ kò tíì gbà. Ṣìkẹ́mi lọ aṣọ tí ọmọ rẹ̀ fi ń wa bàálù, aṣọ àwọ̀ ewé tí síìpù kún ara rẹ̀ bí èèrà. Bó ṣe ń lọ̀ ọ́ ni ẹ̀rù ń bà á. Túnmiṣe ti ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé bàálù àwọn ní ìkọ́ irin nídìí, pé bí òun bá ti ń balẹ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi, ìkọ́ yẹn gbọ́dọ̀ kọ́ okùn irin kan tí wọ́n na sílẹ̀, bí kò bá kọ́ ọ, kí òun tètè gbéra padà kí omi má gbé òun. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Áńkáṣíìfù kan wà lápò Ṣìkẹ́mi, tí Pásítọ̀ Oyèwùmí gbàdúrà sí nínú ìsìn Ọjọ́rú ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Redan. Ó gé etí rẹ̀ kan, ó ká a kó fẹ́lẹ́, ó sì fi píìnì kékeré kan há a mọ́ inú àpò tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ṣòkòtò, níbi tí ojú ò lè tó. Ó ní àmín, ó ká aṣọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ títí di òwúrọ̀ Túsìdeè yìí, títí Mr. Otis fi la ẹnu.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe Túnmiṣe. Fóònù ò lọ. Ó tún pè. Wọ́n máa ń ti fóònù wọn mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù bí wọ́n bá ń múra àtifò. Ó pe ọkọ rẹ̀, Láńrewájú, tó jẹ́ ọ̀gá ní wíáháòsì kan lẹ́bàá títì I-20.

"Daddy Túnmiṣe, mo ti dáràn."

"Kí lo tún rà?"

"N ò ra nǹkankan. Píìnì ni." Ó rò ó fún un láti orí dé ìdí.

"Ṣé wọ́n ti rí i?"

"Mi ò mọ̀. Fóònù ẹ̀ ò lọ."

"Bí wọn ò bá tíì rí i, dákẹ́ ẹnu ẹ. Tó bá dé yàrá ẹ̀ nírọ̀lẹ́, wàá sọ fún un, á yọ ọ́, ó tán. Ẹyin lohùn o, Ṣìkẹ́mi. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní ìyá ọmọ yìí ń fi juju sí aṣọ gọ́fúmẹ́ńtì? Wọ́n á lé e ni! Gbogbo ìyà tọ́mọ yẹn ti jẹ! Olúwa á bò wá láṣìírí."

"Àmín," ni Ṣìkẹ́mi wí, nítorí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti fi ń gba àdúrà yẹn, pé kí Olúwa bo àṣírí òun, Olúwa sì ń bò ó. Ṣùgbọ́n bí bàálù bá dojú dé lókè nísinsìnyí ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ni. Ó mọ̀ pé bí èèyàn bá ṣèèṣì fún aláìsàn ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀, kì í dúró di ìrọ̀lẹ́ kó tó sọ ọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni, ojú ì báà ti èèyàn títí. Ẹ̀rù àtilé ọmọ ń bà á, ẹ̀rù ikú ọmọ sì ń bà á. Nígbà tó gbé méjèèjì lé ìwọ̀n, kò pẹ́ rárá tó fi mọ èyí tó wúwo.

Nọ́ńbà kan wà nínú fóònù rẹ̀ tí Túnmiṣe fi síbẹ̀, nọ́ńbà iléeṣẹ́ wọn gan-an. "Mummy, ẹ má pè é o, àfi tí somebody bá kú." Ẹnikẹ́ni ò tíì kú. Ìdí tí Ṣìkẹ́mi fi tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé e. Ṣìkẹ́mi sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì fi òyìnbó sọ ohun tó ṣe.

"Ṣé píìnì onírin ni, ma?"

"Onírin ni."

"Ó dá yín lójú?"

"Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi í síbẹ̀."

"Ma, ẹ má gbé fóònù sílẹ̀ o," ni ọmọkùnrin náà wí. Ṣìkẹ́mi gbọ́ tí àga ṣubú, ó gbọ́ tó pariwo sí ẹnì kan, ó gbọ́ ìró bàtà tó ń sáré. Lẹ́yìn náà, fóònù gé. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń yí àwọn arúgbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dà, ó ń wọn ìfúnpá wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀sán ti pọ́n kí fóònù tó dún. Ó wọ yàrá tí wọ́n ti ń jẹun, ó ti ilẹ̀kùn.

"Mummy."

"Ọmọ mi! Ṣé àlàáfíà lo wà?"

"I'm fine. Engine mi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ní kí n pa á. Wọ́n yọ mí sílẹ̀. Wọ́n rí cloth yẹn nínú pocket mi." Ohùn Túnmiṣe gbẹ. "Wọn ò rí pin."

"Jésù!"

"So wọ́n dá gbogbo bàálù dúró. Everybody. Èyí tí mo wà lánàá, classmate mi ti wà nínú ẹ̀, ó ti fẹ́ gbéra. Wọ́n sáré dá a padà. Mummy, CO wa, ọ̀gá wa pátápátá, wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú torch. Àwọn mechanic wà lórí ìkúnlẹ̀. Nítorí píìnì yín."

"Ṣé wọ́n ti rí i?"

"They just found it. Lábẹ́ seat, nínú bàálù tàná. Ó ti ṣí." Ó mí kanlẹ̀. "Mo sọ fún yín. Mo sọ ọ́, ẹ ní ẹ ti gbọ́."

Òbí tiwa kì í sábà bẹ ọmọ. Bó bá ṣẹ ọmọ, á se oúnjẹ tí ọmọ fẹ́ràn, á ní "wá jẹun", ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe ń bu ìrẹsì gba inú fóònù. Ṣìkẹ́mi fara ti ògiri.

"Túnmiṣe, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ṣe bí ẹni pé mo gbọ́, mi ò sì gbọ́. Jọ̀wọ́, má bínú sí mi."

Nígbà tí ọmọ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀. "Wọ́n fẹ́ rí yín. Commander ní kí ẹ̀yin àti Daddy wá ní Friday."

"Ṣé wọ́n fẹ́ lé ẹ ni?"

"I don't know, Mummy. Wọ́n ní kí n má tíì fò. Class mi ń lọ sórí ship ní Saturday. Mi ò mọ̀ bóyá mo wà nínú ẹ̀."

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, wọ́n gba I-20, Láńrewájú ló ń wakọ̀. Wọ́n la àárín Atlanta kọjá, wọ́n wọ Alabama, kò sì sọ ju "ṣé o fẹ́ tọ̀" lọ. Ó ti sọ ohun tó fẹ́ sọ láti ọjọ́ Túsìdeè: òun ní kó dákẹ́, kò dákẹ́, kó lọ gba èrè ẹnu rẹ̀. Ṣìkẹ́mi ń fi ọkàn ka òyìnbó tó fẹ́ fi bẹ àwọn ọ̀gá náà. Bó bá gba kíkúnlẹ̀, yóò kúnlẹ̀.

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ la Alabama já kí Láńrewájú tó pa rédíò.

"Ọmọkùnrin yẹn," ló wí. "Èyí tó wà nínú bàálù tí píìnì wà."

"Kí ló ṣe é?"

"Òun náà ní ìyá." Ó ń wo ọ̀nà. "Ì bá ṣe pé o gbọ́ tèmi ni, Ṣìkẹ́mi, kí là bá sọ fún ìyá ẹ̀?"

Ṣìkẹ́mi gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó sì fi í síbẹ̀ títí wọ́n fi wọ Mississippi.

Túnmiṣe dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì, nínú aṣọ kákí tó gún régé. Ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ kí àwọn ológun tó wà níbẹ̀ má baà wò ó jù, ó sì mú wọn lọ. Kò wo ojú ìyá rẹ̀ púpọ̀. Ó mú wọn wọ ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó bàálù sí, Ṣìkẹ́mi sì rí i pé gbogbo ayé ló ti tò síbẹ̀: àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń kọ́ wọn, àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe pẹ̀lú girísì lọ́wọ́. Wọ́n dúró ní ìlà, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́. "Ilé ẹjọ́ rèé," ló wí sínú ara rẹ̀.

Ọ̀gá wọn, Commander Clara Hensley, obìnrin tínínrín tí irun rẹ̀ ti ń funfun, bọ́ síwájú. Orúnkún Ṣìkẹ́mi ti ń tẹ̀ bọ̀ wá sílẹ̀. Obìnrin náà tètè di apá rẹ̀ mú.

"Rárá, ma. Lónìí, àwa la máa kí yín." Ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Gbogbo yín mọ òfin wa. Bí irin iṣẹ́ bá sọnù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tó sì pariwo pé 'èmi ni', a kì í fìyà jẹ ẹ́. A máa ń pè é síwájú, a máa ń pàtẹ́wọ́ fún un, kí ẹni tó máa ṣe àṣìṣe lọ́la má baà bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi í pamọ́ la ń lé. Ìyá yìí kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ wa. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó ń ṣe é. Ó lè dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ó mọ̀ pé a lè tìtorí ẹ̀ lé ọmọ òun, síbẹ̀ ó pè wá."

Àtẹ́wọ́ náà sọ gìrìgìrì lára páànù òrùlé. Ọmọkùnrin gíga kan jáde láti inú ìlà, irun orí rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn. Òun ló jókòó sínú bàálù náà lọ́jọ́ Túsìdeè. Ó ní "ẹ ṣeun, ma", lẹ́yìn náà kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ́, ó bá dì mọ́ Ṣìkẹ́mi. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé "Mama Pin!", gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Láńrewájú ń fi fìlà nu ojú. Ó ní eruku ibẹ̀ ti pọ̀ jù.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù," ni Commander wí, ó rọhùn. "Ẹ máa gbàdúrà o. Ìyá tèmi náà kì í sinmi àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ohun tó lè já bọ́ gbà á mọ́." Ó wo Túnmiṣe. "Lieutenant Adégbóyèga, kí lo ṣì ń dúró ṣe níbí? Lọ di ẹrù ẹ. Ẹ̀ ń lọ lọ́la."

Ayọ̀ tó gbé Ṣìkẹ́mi, kò mọ ibi tó ti wá. Orin bọ́ sí i lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó jó. Ó jó láàárín bàálù méjì, ó fi ìdí sọ́tùn-ún, ó fi sósì, bí ẹni pé pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì Redan ló wà. Láńrewájú, ọkùnrin tó ní kí wọ́n dákẹ́ ẹnu wọn, ló gbe orin náà tó sì ké jù ú lọ. Àwọn ológun ń pàtẹ́wọ́ sí i, kò sí ìkankan nínú wọn tó bá ìlù inú orin náà mu, wọn ò sì yé pa á. Túnmiṣe bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tó ṣí i, ẹ̀rín ló wà níbẹ̀. Ó wọ agbo, ó jó tẹ̀lé ìyá rẹ̀.

Oòrùn ṣì mú nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n páàkì sí. Láńrewájú lọ tan ọkọ̀ kí inú rẹ̀ lè tutù. Ìyá àti ọmọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Túnmiṣe."

"Ma."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ẹ?"

Láti ọjọ́ tó ti bí i, kò bi í léèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó bá yẹ kó ṣe fún un ló máa ń ṣe.

"Ẹ gbàdúrà fún mi, Mummy. In Yoruba. But níbí, kí n máa gbọ́ ọ."

"Ó ti yá."

Ṣìkẹ́mi bọ́ àwọn ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ó kan wíńdò ọkọ̀, ó kó wọn fún Láńrewájú. Ó bọ́ aago. Ó ń fa òrùka ìgbéyàwó.

"Ìyẹn náà?" ni Láńrewájú bi í.

"Ó lè já bọ́," ló dáhùn, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀. Túnmiṣe dì wọ́n mú, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó yí wọn dà, ó wo ẹ̀yìn wọn, ó ya àwọn ìka náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ le bí ti ọ̀gá tó ń yẹ bàálù wò. Ẹ̀rín sì fẹ́ pa á. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà gbígbóná nínú aṣọ kákí rẹ̀, níwájú gbogbo àwọn ológun tó ń kọjá, ó sì fa ọwọ́ ìyá rẹ̀ lé orí ara rẹ̀.